Ogun Ọjọ́ Mọ́kànlélógún: Àdúrà, Sùúrù àti Ìjà Àìfojúrí nínú Ìgbésí Ayé Olórí Ìjọ

Ẹ̀yin àlùfáà, ajíhìnrere, wòlíì àti olùṣọ́-àgùntàn láti inú gbogbo ìjọ tí ó wà ní Ilua àti àyíká rẹ̀, láti Òkèhò títí dé Ìgànná. Ẹ̀yin ìyá ìjọ tí ẹ máa ń jí gbàdúrà lóru nígbà tí àwa ọkùnrin bá ń hanrun. Ẹ̀yin àgbà Mùsùlùmí tí ẹ fi ọ̀yàyà bá wa péjọ, nítorí pé ní Òkè-Ògùn tiwa yìí, inú agboolé kan náà ni ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì ti ń wá. Èmi ni ẹ rántí nígbà tí ẹ ń wá ẹni tí yóò bá yín sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ẹ kọ sínú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi: àdúrà, sùúrù, àti ogun ẹ̀mí tí ojú kò rí. Ẹ fi kún un pé kí n má ṣe gbàgbé àwọn olórí, nítorí pé orí ni a ti ń pa ejò. Mo sì tètè fẹ́ bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olórí tí wọ́n jókòó síwájú mi pé ẹnu ẹni tí ó kọ ìwé ni òwe yẹn ti jáde, kì í ṣe ẹnu tèmi. Bí mo bá ní kí n mú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sì máa tú wọn palẹ̀, ilẹ̀ yóò ṣú bá wa níhìn-ín. Ibì kan wà nínú Ìwé Mímọ́ tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé ara wọn, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a gbà wọlé.

Orí kẹwàá ìwé Dáníẹ́lì ni. Dáníẹ́lì, ẹrú tí ó di ìjòyè, ọmọ Júdà tí a kó lọ sí Bábílónì nígbà èwe, tí ó sì sin ọba kan tẹ̀lé òmíràn títí ewú fi gba orí rẹ̀ kan, ti di arúgbó ní ọdún kẹta ìjọba Kírúsì, ọba Páṣíà, nígbà tí ó gbé ààwẹ̀ kan kalẹ̀ nítorí ọ̀ràn àwọn ènìyàn rẹ̀: kò jẹ oúnjẹ aládùn, kò fi ẹran kan ẹnu, kò mu wáìnì, kò fi òróró para, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ọ̀sẹ̀ kìíní lọ, kò gbọ́ nǹkan kan. Èkejì lọ, ọ̀run dákẹ́. Ìgbà tí ìránṣẹ́ ọ̀run wá fara hàn án létí odò ńlá ni ó tó mọ̀ pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí òun ti fi ọkàn sí i ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ òun, tí èsì sì ti gbéra, ṣùgbọ́n pé balógun ìjọba Páṣíà kan dí ojú ọ̀nà fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, títí Máíkẹ́lì fi wá ran ẹni tí a rán lọ́wọ́.

A máa ń ka orí yìí ní ìṣọ́ òru, a sì máa ń pariwo lé e lórí, ṣùgbọ́n ohun méjì wà nínú rẹ̀ tí ariwo kì í jẹ́ kí a rí. Èkíní ni pé kò sí ibì kankan nínú orí náà tí a ti kà pé Dáníẹ́lì dojú ìjà kọ balógun Páṣíà. Kò dè é, kò lé e, kò ránṣẹ́ iná sí i. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Gbogbo ohun tí ó mọ̀ ní ọjọ́ mọ́kànlélógún náà ni pé ebi ń pa òun, pé òun kò sì tíì rí èsì. Àwọn tí ìjà náà jẹ́ iṣẹ́ wọn ni wọ́n jà á; iṣẹ́ ti Dáníẹ́lì ni kí ó má ṣe dìde kúrò lórí eékún rẹ̀. Èkejì ni pé ọkùnrin yìí ní ọ̀tá gidi nínú ènìyàn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ ọba tí wọ́n ti fi àrékérekè gbé e jù sínú ihò kìnnìún, tí ó ṣe pé bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀tọ́ láti fura sí ènìyàn nígbà tí àdúrà bá pẹ́, òun ni. Síbẹ̀, nígbà tí ìránṣẹ́ ọ̀run ń ṣàlàyé ìdí ìdádúró, kò dárúkọ ẹlẹ́ran ara kankan fún un.

Àwọn baba wa wí pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òwe náà kì í purọ́, ṣùgbọ́n ó ti sọ ìyá arúgbó púpọ̀ di ẹni ìtanù ní ilẹ̀ wa, nítorí ibi tí ìka wa máa ń tọ́ sí nígbà tí a bá ń pa á. Ilé ìyàwó bàbá ni ìka ń tọ́ sí, tàbí yàrá ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti pọ́n nítorí èéfín àdògán, tàbí ọ̀dọ̀ igbákejì olórí ìjọ tí ohùn rẹ̀ dùn ju ti olórí lọ. Èmi gbà pé òwe kan náà ń sọ̀rọ̀ nípa ilé mìíràn, ilé tí olúkúlùkù ń gbé láàrin egungun ìhà rẹ̀, tí ìbínú, ìkánjú àti ìfẹ́ orúkọ jẹ́ ẹbí inú rẹ̀. Nítorí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Éfésù pé ẹni tí a ń bá jìjàkadì kì í ṣe ẹlẹ́ran ara. Ohun tí mo sì wá sọ lónìí ni pé ọgbọ́n tí ogun àìrí máa ń kọ́kọ́ dá fún olórí ni kí ó wá ojú ènìyàn fún un, kí ó sì mú un gbàgbọ́ pé ojú yẹn ni ọ̀tá.

N kò ní lọ jìnnà kí n tó pe ẹlẹ́rìí. Bí ènìyàn bá kúrò ní Ilua níhìn-ín tí ó gba Òkèhò já sí Ìsẹ́yìn, kò jìnnà mọ́ sí Òṣogùn, ìlú Àjàyí Ògìdìolú, ọmọ tí ó dojúbolẹ̀ wáyé, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther. Mo mọ̀ pé a ti kọ́ ìtàn rẹ̀ fún yín nílé ẹ̀kọ́: ẹrú tí ó di bíṣọ́ọ̀bù, ẹni tí ó tú Bíbélì sí èdè wa. Báyìí ni a ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni pé ọmọ náà sùn lẹ́rú, ó jí ní bíṣọ́ọ̀bù. Ohun tí ó wà láàrin méjèèjì ni ó kàn wá lónìí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, bí àwọn obìnrin ti ń gbé oúnjẹ àárọ̀ kaná, ariwo sọ pé ogun ti dé. Nínú lẹ́tà tí Àjàyí fúnra rẹ̀ kọ ní 1837 nípa ọjọ́ náà, ó sọ pé ìlú wọn ní tó ibodè mẹ́fà tí a ní láti ṣọ́, pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò sì sí nílé. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé kí wọn lè sá, ó padà síbi tí wọ́n ti ń jà, wọn kò sì tún fojú kàn án mọ́. Wọ́n fi okùn kó ọmọ náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ Àfàlá àti àwọn àbúrò rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó wọn, Ọ̀yọ́ bíi tiwọn wà nínú wọn, Fúlàní wà nínú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìtàn yìí ru ìjà ẹ̀sìn sókè láàrin wa, nítorí pé ogun ìgbà náà, ìlú tí ó ń kóni lẹ́rú lónìí ni a ó kó lẹ́rú lọ́la, oníṣẹ̀ṣe kò yọ, ìmàle kò yọ. Ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan, tí a yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá a padà, ọmọ náà sì padà sọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín. Ó tún rí ìyá rẹ̀ fún ìgbà kúkúrú, a tún yà wọ́n, a tà á, a tún un tà, títí ó fi dé etí òkun ní Èkó. Ó kọ ọ́ láìfi bò pé òun gbèrò láti pa ara òun lóru, tí ẹ̀rù sì bà òun. Ní April 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ àwọn Potogí tí ó gbé e, wọ́n sì já a sílẹ̀ ní Freetown ní ilẹ̀ Saró.

A ṣe ìrìbọmi fún un ní December 1825. A fi í joyè àlùfáà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1843. Ní August 1846, ní Abẹ́òkúta, obìnrin arúgbó kan wá dúró níwájú rẹ̀, ó ń gbọ̀n, kò lè sọ̀rọ̀, kò mọ bóyá kí òun gba ojú òun gbọ́: Àfàlá ni. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá. Láàrin ọdún wọ̀nyí, Ọ̀yọ́-Ilé ti tú, àwọn Ẹ̀gbá ti tẹ Abẹ́òkúta dó lábẹ́ Olúmọ, obìnrin náà ti bọ́ lóko ẹrú, ó ti tún bọ́ sí i, àwọn ìbátan ti rà á padà. Kò sì sí ìwé, kò sí ẹni tí ó lè mú ìròyìn rẹ̀ dé Saró. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí a bá ti kọ́ Àjàyí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa nísinsìnyí, pé àdúrà tí kò gbà láàrin ọjọ́ mẹ́ta ti ní ọwọ́ ayé nínú, ta ni ìbá fi ẹ̀sùn kàn ní ọdún karùn-ún? Ta ni ìbá kù tí kò tíì fẹ̀sùn kàn ní ogún ọdún? Ìrònú rẹ̀ ìbá ti kún fún orúkọ ọ̀tá tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní sí àyè tí yóò fi kọ́ ìwé, débi tí yóò fi ní nǹkan tí ó mú bọ̀ wá sílé.

Lẹ́yìn ìyẹn, a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 June 1864, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọ Gẹ̀ẹ́sì fún ní ipò náà, a sì gbé iṣẹ́ Odò Ọya lé e lọ́wọ́. Kí ó tó dé ibẹ̀, ní 1862, iná ti jó ilé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ ìwé rí, ẹ ó mọ ohun tí mo fẹ́ wí: ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó fi ọdún mọ́kànlá ṣà jọ, àti ìtumọ̀ púpọ̀ nínú ìwé Mósè tí ó ti fi ọwọ́ kọ, gbogbo rẹ̀ ni iná náà sọ di eérú. Ẹ wo irú àsọtẹ́lẹ̀ tí èyí ìbá bí lónìí! Ó jókòó, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó di 1884 kí odindi Bíbélì tó pé ní èdè Yorùbá, ìyẹn ogójì ọdún ó lé kan lẹ́yìn ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó jáde ní 1843. Ní 1867, nítòsí Ìdà, ìjòyè kan tí ń jẹ́ Abokko mú òun àti ọmọ rẹ̀ Dandeson ní ìgbèkùn láti gba owó ìràpadà. Àwọn ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá gbà wọ́n sílẹ̀, ọfà olóró sì pa aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Fell nínú ìjà náà. Ènìyàn tí a ti fi okùn kó nígbà èwe, a tún mú un ní ìgbèkùn nígbà tí ó ti di àgbà. Ìlú tí ó kàn lọ́nà, ó tún gòkè lọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, ìjà tí ojú rí ni. Ogun tí mo wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì dé. Ẹni tí ó fọkàn tán Crowther jùlọ nínú ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. ni Henry Venn, akọ̀wé wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ni ó sì rọ̀ ọ́ títí ó fi gba oyè bíṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ́ gbà. Venn kú ní 1873. Àwọn tí wọ́n dìde lẹ́yìn rẹ̀ kò gbà mọ́ pé adúláwọ̀ lè darí ìjọ fúnra rẹ̀, àti pé, kí á má purọ́ níwájú Ọlọ́run, àwọn ọmọ iṣẹ́ kan wà lórí Odò Ọya tí ìwà wọn kò dára. Níhìn-ín ni èmi kò ti ní gbèjà baba wa ju bó ti yẹ lọ. Ilẹ̀ tí ó ń ṣàkóso gùn, fún ọ̀pọ̀ ọdún ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni ó ń wọ̀ bẹ̀ wọ́n wò nígbà tí omi bá kún, kò sì lè rí ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí ó rí pàápàá, ó máa ń fi ojú àánú wo ẹ̀bi àwọn kan pẹ́ jù. Sùúrù olórí lè di ìbòjú. Ẹni tí ó ń fi owó ìjọ ṣòwò, tí olórí ń sọ pé òun ń gbàdúrà fún un, bí olórí náà kò bá pè é jókòó kí ó béèrè ìwé ìṣirò, àìgboyà ni ó fi aṣọ sùúrù bò.

Ní 1890 ni ìdájọ́ dé, kò sì dé gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ òdodo. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì méjì, J. A. Robinson àti Graham Wilmot Brooke, ni wọ́n ṣe agbátẹrù rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe rò pé aláìwà-bí-Ọlọ́run ni wọ́n. Olùfọkànsìn ni wọ́n, aláàwẹ̀, ẹni tí ń jí gbàdúrà; Brooke wọ aṣọ bí àwọn Háúsá, ó fi ilé àti ìdẹ̀rùn sílẹ̀ nítorí ìhìnrere. Wọ́n rí òkùnkùn lórí Odò Ọya, òkùnkùn sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fún òkùnkùn náà ní ojú ènìyàn: wọ́n wo àwọn òṣìṣẹ́ Crowther, wọ́n wo àwọ̀ wọn, wọ́n sì sọ pé àwọn wọ̀nyí ni Èṣù ń lò. Ní August ọdún náà, ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ìnáwó ní Onitsha, tí bíṣọ́ọ̀bù arúgbó tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún fúnra rẹ̀ jókòó níbẹ̀, wọ́n ka ẹ̀sùn, wọ́n dá àwọn àlùfáà dúró lẹ́nu iṣẹ́, Dandeson ọmọ rẹ̀ wà lára wọn. Crowther kò dákẹ́. Ó bi wọ́n léèrè, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá agbára wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ láti dá àlùfáà tí bíṣọ́ọ̀bù fi joyè dúró. Nígbà tí ó rí i pé ohun tí wọ́n ti pinnu ni wọ́n wá ṣe, ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, ó sì jáde. Kò gégùn-ún fún ẹnikẹ́ni. Kò ní kí àwọn ìjọ ya kúrò lọ́dọ̀ Canterbury, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ní agbára láti ṣe é, nítorí pé àwọn ará Èkó ń hó bí omi gbígbóná nítorí rẹ̀. Ohun tí ó ṣe ní àwọn oṣù tí ó kù fún un láyé ni pé ó jókòó tọ́jú ètò bí àwọn ìjọ ẹ̀bá òkun ní Bonny àti Brass yóò ṣe lè máa fi owó ara wọn gbọ́ bùkátà ara wọn. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 December 1891. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ Dandeson.

Robinson ti kú ní Lọ́kọ́ja ní 1891 kan náà, ṣáájú rẹ̀. Brooke kú ní 1892. Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn nínú wa ti ń mi orí sí báyìí: pé ẹ ò rí i, ẹni tí ó fọwọ́ kan ẹni-àmì-òróró! Rárá o. Ibà ni ó pa wọ́n, ibà tí ó pa oyìnbó tí ó ṣe ojúrere sí adúláwọ̀ àti oyìnbó tí kò ṣe é, láìyọ ẹnì kan sílẹ̀. Wọn kò tíì pé ogójì ọdún. Bí a bá sọ sàréè wọn di ẹ̀rí ìṣẹ́gun, ohun kan náà tí wọ́n ṣe sí Crowther ni a ń ṣe sí wọn: a ń fún ogun ẹ̀mí ní ojú ènìyàn.

Àwọn aládùúrà tí ó wà níhìn-ín lè sọ pé ìtàn àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń sọ, pé wọn kò mọ ogun ẹ̀mí jà. Ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí ọ̀dọ̀ tiyín. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ tí a bí ní 1904, ẹni tí ó ń wa ẹ̀rọ ńlá tí P.W.D., ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe ọ̀nà, fi ń tẹ ojú títì, gbọ́ ohùn tí ó pè é ní October 1928 nígbà tí ẹ̀rọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú iṣẹ́. Kí ìsọjí Òkè-Ooyè tó bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní July 1930, tí ènìyàn ń wọ́ wá láti ibi gbogbo fún omi ìyè, nǹkan bí ọdún méjì ti wà láàrin, tí ó ń gbààwẹ̀, tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí àwọn ará ilé rẹ̀ pàápàá ń rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. A kì í wàásù nípa ọdún méjì yẹn. Òkè-Ooyè ni gbogbo ènìyàn fẹ́. A kì í sì í wàásù nípa 1932, nígbà tí wọ́n mú un lẹ́yìn ìwàásù rẹ̀ ní Otuo lórí ẹ̀sùn tí ó jẹ mọ́ ọ̀ràn àjẹ́, tí ó fi oṣù mẹ́fà ṣẹ̀wọ̀n ní ìlú Benin. Èmi kò bá àwọn tí ń pè é ní ọ̀daràn lọ, n kò sì lè sọ pé òfin ìgbà náà kò ní ìdí kankan, nítorí pé láàrin ẹni tí ó ń bá ẹ̀mí àjẹ́ wí àti ogunlọ́gọ̀ tí ó ń wá àjẹ́ kiri láti ilé dé ilé, ìgbésẹ̀ kan péré ni, kì í sì í ṣe oníwàásù ni ó máa ń gbé e. Ẹ̀yin olórí, ọ̀rọ̀ tí ó bọ́ lẹ́nu yín lórí pẹpẹ kì í dúró lórí pẹpẹ.

Inú ẹgbẹ́ aládùúrà kan náà ni Isaac Babalọlá Akinyẹlé ti jáde, ẹni tí ó kọ ìtàn Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1911, tí ó gun oyè ìlú díẹ̀díẹ̀ bí ìlànà Ìbàdàn ti rí, tí kò fò kọjá ẹnikẹ́ni, títí ó fi di Olúbàdàn ní 1955, ó sì wà lórí oyè títí di 1964. Àwọn tí wọ́n mọ ètò oyè Ìbàdàn mọ irú ìdánwò tí ó wà nínú rẹ̀: ikú àwọn tí ó wà níwájú rẹ ni ó ń sún ọ sókè. Ẹni tí ó bá ń gbàdúrà lójoojúmọ́ nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, kí ó ṣọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń sọ nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá ń sọ pé ìfẹ́ Tìrẹ ni kí a ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alexander Babátúndé Akinyẹlé, ni ó di bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn ní 1952. Láti ìgbà tí Crowther ti kú, àwọn igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń fi ọmọ Yorùbá jẹ, tí òyìnbó ń jókòó lé wọn lórí. Ọgọ́ta ọdún ó lé kí ọmọ Yorùbá tó tún ní agbègbè tirẹ̀ lábẹ́ ọ̀pá àṣẹ ara rẹ̀. Ṣé ọgọ́ta ọdún yẹn ni a ó pè ní àìgbà àdúrà?

Mo ti gun òkè Àdó-Àwáyè, mo ti rí àwọn tí wọ́n ń gbàdúrà níbẹ̀ nínú òjò àti nínú oyé, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Àwa ará Òkè-Ògùn mọ òkè. Orí òkè ni àwọn baba wa sá sí nígbà tí ogun Dàhọ̀mì àti ti Fúlàní kò jẹ́ kí ilẹ̀ tẹ́jú gbé. Ohun tí ń bà mí lẹ́rù ni ohun tí mo ń gbọ́ nígbà mìíràn ní àárín òru, ohùn tí ń ka orúkọ ènìyàn sí Ọlọ́run bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀ àwọn tí ó jẹ gbèsè, pé kí lágbájá kú, kí ilé tàmẹ̀dò jóná. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ń gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń gbà á. Ó ń gbọ́ ọ lóru, yóò sì rí lágbájá náà lọ́sàn-án lójú ọ̀nà oko, wọn yóò kí ara wọn, ẹ̀gún kan yóò sì ti yọ nínú ìkíni náà. Bí ọmọ lágbájá bá wá kú lóòótọ́, kí ni olùgbàdúrà yìí yóò ṣe? Bí ó bá jẹ́ olórí ìjọ ni ńkọ́, tí lágbájá sì jẹ́ ọmọ ìjọ rẹ̀?

Ìdí tí irú àdúrà yìí fi gbilẹ̀ kò ju pé sùúrù ti tán nílẹ̀. Ènìyàn tí kò ní owó ilé ìwòsàn, tí ọ̀dá ti jẹ àgbàdo rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ jáde ní yunifásítì tí kò ríṣẹ́, ó nílò ìdí tí ó lè fi ọwọ́ dì mú, ojú ènìyàn sì rọrùn láti dì mú ju òfuurufú Dáníẹ́lì lọ. N kò bá a jà. Olórí tí ó mọ èyí, tí ó sì ń ta ojú ènìyàn fún un nínú àsọtẹ́lẹ̀, nítorí pé ìjọ tí ó ní ọ̀tá máa ń kún ju ìjọ tí kò ní lọ, òun ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ní February 1848, Àjàyí ṣe ìrìbọmi fún ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, orúkọ tí ó sì sọ ọ́ ni Hánà, nítorí pé Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì. Gbogbo yín mọ Hánà inú Bíbélì: àgàn tí orogún ń fojú rẹ̀ gbolẹ̀ lọ́dọọdún, tí ó wá dúró ní Ṣílò tí ètè rẹ̀ ń mì tí ohùn rẹ̀ kò sì jáde, tí Élì, olórí àlùfáà, wò ó láti orí àga tí ó sọ pé ó ti mutí yó. Ẹ kíyè sí i pé Hánà ní ẹni gidi tí ó ń bá a jà nílé, Pẹ̀nínà lórúkọ rẹ̀, kò sì dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà náà. Ọmọ ni ó tọrọ. Ẹ tún kíyè sí Élì. Nínú olórí tí a kà nípa wọn nínú Ìwé Mímọ́, Élì ní àbùkù púpọ̀, kò lè kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, nígbà tí obìnrin náà fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé ara rẹ̀, kò ní kí ó lọ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ wá, kò ní kí ìgbìmọ̀ lọ jókòó lé e lórí, kò sì ní òun kò lè jẹ́ kí ẹnu òun sọ nǹkan méjì. Lójú ẹsẹ̀, níbi tí ó jókòó sí, ó sọ ẹ̀sùn di ìre.

Ìdájọ́ Onitsha kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 29 June 2014, ọjọ́ tí ó pé 150 ọdún tí a ti fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ní Canterbury kan náà, ni Justin Welby tí ó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìgbà náà dúró, tí ó sì tọrọ àforíjì ní gbangba fún ohun tí ìjọ ṣe sí ọkùnrin náà. Élì lo bí ìṣẹ́jú mélòó kan. Canterbury lo ọdún 124, nígbà tí egungun Àjàyí, ti Dandeson, ti Robinson àti ti Brooke ti di erùpẹ̀ kan náà. Ní ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, nínú àpótí ìwé àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ tí àwa tí a péjọ síbí jẹ́ alága àti akọ̀wé wọn, ẹjọ́ mélòó ni ó wà tí a dá láàárín ìbínú, tí a mọ̀ nísinsìnyí pé a ṣì í dá, tí ẹni tí a dá lẹ́bi sì ń darúgbó lọ nílé rẹ̀, tí kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó tíì lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀?